Nọ́ńbà Kọ́ Ló Pa Ẹja Yín

Lọ́jọ́ tí ẹja méjèèjì kú, òjò ti ń rọ̀ ní Bonabéri láti ìdájí. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méje, dúró níwájú àpótí gíláàsì náà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé torí pé mo gbàgbé láti fún wọn lóúnjẹ lánàá ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá pa wọ́n. Mo ní n kò mọ̀. N kò parọ́ fún un, n kò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo pa wọ́n. Mo fowó ra ohun tí mo fi pa wọ́n, mo sì tẹ̀ lé ìlànà ara ìgò rẹ̀ láìfo ọ̀kan.

Goldfish ni wọ́n, ẹja pupa bíi wúrà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́. Mo rà wọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹja nínú ọ̀rá létí títì. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, wọn kò fẹ́ jẹun mọ́, wọ́n kàn ń dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Mo bu omi náà sínú ike, mo gbé e tọ ẹni tó tà wọ́n lọ. Ó ki bébà ìdánwò kan bọ̀ ọ́, ó ní pH ti wálẹ̀ sí 5.5. Ó ní kí n da ìdajì omi inú àpótí nù, kí n fi tuntun dípò, kí n sì da ìdérí kan oògùn tó ń gbé pH sókè sí i. Ó ta ìgò oògùn náà fún mi. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ ní alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pH ti di 8, ẹja sì ti léfòó. Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, ó mirí, ó ní, "Madame, irú ẹja yìí kì í pẹ́ láyé."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí, torí pé irọ́ ni. Ní ìlú Thirsk, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, goldfish kan wà tí wọ́n ń pè ní Tish. Ọmọdé kan ló jẹ ẹ́ níbi ìpàtẹ eré ní 1956. Kò kú títí di 1999. Ọdún 43 ló lò láyé, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbà pé irú Tish kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n goldfish tí a bá tọ́jú dáadáa ń lo ọdún 10, òmíràn ń lo 20. Bí tiwa bá ń kú lóṣù mẹ́rin mẹ́rin, ẹ má sọ pé àyànmọ́ ni. Ẹni tó ń ta ẹja kan náà fún ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kò ní ìdí tí yóò fi kọ́ wa bí ẹja ṣe ń pẹ́, àwa náà kò sì bi í. A ti sọ nọ́ńbà kan di ohun tí à ń bọ, à ń ra oògùn sí i, à ń bá a jà, ẹja sì ń kú sí àárín ìjà náà.

Kí ni nọ́ńbà náà gan-an? Søren Sørensen, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Denmark, ló gbé pH kalẹ̀ ní 1909, nínú yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ bíà Carlsberg ní Copenhagen. Ìlú tó mọ bíà bí Douala ṣe mọ̀ ọ́n kò yẹ kó bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó ti ilé ọtí wá. Bí omi ṣe kan tó ni pH ń wọ̀n. 7 ni àárín. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sísàlẹ̀, omi ń kan, ó ń forí lé ọ̀nà ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá ń gòkè, ó ń forí lé ọ̀nà omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kíyè sí ni pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Omi pH 6 kan ju omi pH 7 lọ ní ìlọ́po 10. Omi pH 5 kan jù ú lọ ní ìlọ́po 100. Nítorí náà, láti 5.5 sí 8 lóru ọjọ́ kan ju ìlọ́po 300 lọ. Ohun tí mo fi ojú àwọn ẹja yẹn rí nìyẹn.

Goldfish kì í ṣe alákòóbá. Ó lè gbé ní pH 6.8, ó lè gbé ní 7.8, kó sì sanra ní méjèèjì. Ohun tí ara rẹ̀ kò gbà ni kó sùn nínú ọ̀kan kó jí nínú èkejì. Ìdúróṣinṣin omi ló ń fẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà tó rẹwà. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, oògùn inú ìgò kò lè ta ìdúróṣinṣin fún wa. Nọ́ńbà nìkan ló ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú nọ́ńbà náà dúró, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Nínú omi tó dára fún ẹja, baikabọ́nétì wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí omi ń bọ́ lára òkúta ẹfun tàbí ìkarahun bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. KH ni orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ ronú nípa rẹ̀ bí owó àjọ. Ìyá tó ní owó àjọ nílẹ̀, bí àìsàn bá wọlé, yóò yọ níbẹ̀, ọjà rẹ̀ kò ní wó. Bí ohun kíkan bá wọ inú omi, baikabọ́nétì yóò gbé e mì, pH kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí owó àjọ bá tán, gbèsè kékeré tó bá tẹ̀ lé e yóò dojú gbogbo nǹkan dé. Ìdí nìyí tí pH fi lè wà ní 7 fún oṣù mẹ́ta, kó sì já lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń wo pH nìkan dà bí ẹni tó ń ka owó inú àpò lójoojúmọ́, tí kò mọ̀ pé àpótí ti ṣófo.

Ta ló ń ná owó náà? Ẹja fúnra rẹ̀ ni. Ohun tó bá jẹ ló ń yọ jáde láti ihò ìmí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí amóníà, májèlé sì ni amóníà. Àwọn bakitéríà rere tó ń gbé nínú fóòmù ẹ̀rọ asẹ́mi àti lára òkúta inú àpótí a máa sọ ọ́ di nitrite, wọn a sì sọ nitrite di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀fẹ́ kọ́. Fún gíráàmù kan nitrogen tí wọ́n bá yí padà, nǹkan bíi gíráàmù 7 ohun tó ń gbé omi ró, tí a bá fi òkúta ẹfun ṣe ìṣirò rẹ̀, ló ń lọ. Goldfish sì jẹ́ ọ̀jẹun. Ní omi gbígbóná bíi ti Douala, ó ń jẹun sí i, ó ń yọ amóníà sí i, ó sì ń ná owó àjọ kíákíá.

Ẹ wá wo omi tí àwa ń lò. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju 3,500 mìlímítà lọ. Ní Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè Kamẹrúùnù tí kò jìnnà sí wa, ó ń lọ sí nǹkan bíi 10,000, ó sì wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo ayé. Omi òjò fúnra rẹ̀ kan díẹ̀, nǹkan bíi 5.6, nítorí kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ tó ń bá a wálẹ̀. Kò sì ní owó àjọ kankan. Bó bá kan ilẹ̀, iyanrìn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Douala, iyanrìn kò sì ní ohun tí yóò fún un. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, Figuil, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Kamẹrúùnù, ni wọ́n ti ń wà á. Ẹni tó bá ń sin goldfish ní Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń jẹ òkúta ẹfun láti 1960, lè máa ṣe ohun tí mo ṣe kó má sì rí wàhálà. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ń bá a san àjọ láìmọ̀. Èmi tí mo wà ní Bonabéri kò ní irú alábàáṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ikú ẹja wa, mo ra omi ìdánwò tí wọ́n ń fi ìkán wọ̀n, èyí tó péye ju bébà lọ, mo dán gbogbo omi ilé wa wò. Omi kànga ẹ̀rọ inú ọgbà, tí gbogbo Douala ń pè ní forage, wà ní 5.6 lẹ́yìn tí mo gbé e sílẹ̀ fún wákàtí 24. KH rẹ̀ kò tó 1. Omi ẹ̀rọ ìlú, tí wọ́n ń fà láti odò tí wọ́n sì ń sẹ́ ní Japoma àti ní Yato, sún mọ́ 7 lọ́jọ́ tí mo dán an wò, ṣùgbọ́n KH rẹ̀ kéré. Omi náà mọ́ lójú, ó dùn lẹ́nu, àpò rẹ̀ sì gbẹ. Ẹ fi ọ̀jẹun méjì sínú irú omi bẹ́ẹ̀ nínú àpótí líta 40, kí ẹ máa ka oṣù.

Báyìí, mo lè sọ bí mo ṣe pa ẹja wa. Owó àjọ tán ní nǹkan bí oṣù kẹta. pH já. Bí pH bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6, àwọn bakitéríà rere a máa dẹwọ́ iṣẹ́, amóníà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ṣùgbọ́n nínú omi kíkan, amóníà máa ń wọ ẹ̀wù mìíràn tí wọ́n ń pè ní ammonium, ẹ̀wù yẹn sì ń bo oró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní pH 6, èyí tó wà ní ìhòòhò kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Ẹja ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo da ìdajì omi nù, mo sì fi ìdajì tó kún fún ammonium sílẹ̀. Mo wá da oògùn sí i. pH gun 8. Ní pH 8, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ń bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 100 ti tẹ́lẹ̀. Májèlé tó ti ń sùn ni mo jí, mo sì wọ yàrá lọ sùn.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn kò parọ́ nípa nọ́ńbà. pH wà ní 5.5 lóòótọ́. Oògùn náà gbé e sókè lóòótọ́. Òótọ́ kékeré méjì parapọ̀ di ikú. Ó wọn pH, kò wọn KH. Kò wọn amóníà. Ó tọ́jú nọ́ńbà, ó gbàgbé omi.

Bí ẹ bá rò pé ìgò nìkan ni mo ń bú, ẹ dúró ná. Ìmọ̀ràn ọlọ́fẹ̀ẹ́ tí à ń fún ara wa nílé pọ̀ tó láti pa odò. Ẹnìkan ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi tí pH rẹ̀ bá ga. Bí owó àjọ bá wà nínú omi náà, yóò gbé ọsàn mì, pH yóò padà síbi tó wà lọ́jọ́ kejì, ẹ ó tún fún òmíràn, títí owó yóò fi tán tí gbogbo rẹ̀ yóò wó lẹ́ẹ̀kan. Ẹlòmíràn ní káún ni kí n rẹ sí i bí omi bá kan. Káún lágbára, ó ń ti pH sókè lójijì, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó wà nínú ẹyọ kan àti èkejì. Àǹtí kan ní New Bell ní kí n lọ ẹfun tí àwọn aláboyún máa ń jẹ. Amọ̀ funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹfun yẹn, kì í ṣe òkúta ẹfun. Yóò sọ omi di wàrà, kò sì ní fi kọ́bọ̀ kan kún owó àjọ. Bí funfun bá jọ funfun, iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Kí ló yẹ ká ṣe nígbà náà? Kò le, kò sì wọ́n, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Èkíní, ẹ fún ẹja láyè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí goldfish oníkùn kan ní nǹkan bíi líta 75, kí ẹ sì fi bíi 40 kún un fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Àwọn tó gùn, tí ìrù wọn kò pín, ń dàgbà ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ, adágún ló tọ́ sí wọn. Jáà róbótó tí a ń rí nínú fíìmù kì í ṣe ilé ẹja, ilé ẹjọ́ ni, ẹ̀bi ẹja ni wọ́n sì máa ń dá níbẹ̀. Omi púpọ̀ túmọ̀ sí owó àjọ púpọ̀ àti ìnáwó tó rọra.

Èkejì, ẹ máa pààrọ̀ omi díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó yẹ̀. Ìdá mẹ́rin kan lọ́sẹ̀ tó. Omi tuntun ń dá owó àjọ padà, ó sì ń kó nitrate lọ. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ fi oògùn tó ń pa chlorine sí i kó tó wọlé. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù ẹ̀rọ asẹ́mi, torí chlorine yóò pa àwọn bakitéríà tí ẹ fi oṣù méjì tọ́. Inú omi tí ẹ bù kúrò nínú àpótí ni kí ẹ ti fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ san àjọ náà fúnra yín. Ohun tí àwọn aláwọ́ kéèkì ń pè ní baking soda, tí àwọn ará Douala ń pè ní bicarbonate, ni baikabọ́nétì fúnra rẹ̀. Ṣíbí kékeré kan, tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, nínú líta 50 omi, ń gbé KH sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 4. Inú omi tuntun ni kí ẹ ti pò ó, ní ìwọ̀n omi tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò. Báyìí, àpótí yóò gòkè díẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹja kò sì ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kí KH wà láàárín 4 sí 8. Ẹ má ṣe mú baking powder, torí wọ́n ti po ohun kíkan mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ìkarahun sínú ẹ̀rọ asẹ́mi. Ìkarahun ìgbín tí ẹ jẹ ní Kérésì, tàbí ti ẹran odò tí wọ́n ń wà nínú Sanaga ní Mouanko, ẹ sè é, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n. Nígbà tí omi bá ń kan ni ìkarahun ń yọ́. Bí omi kò bá kan mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ìgò wo ló ní ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí omi máa mí. Omi tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mìlígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú líta kan. Ní 28°C tí tiwa sábà ń sún mọ́, kò pé 8. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dúró, ọ́síjìn ń dín, kábọ́nì tí ẹja ń mí jáde ń pọ̀, pH sì ń wálẹ̀ lóru. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì kò wọ́n ju ìgò oògùn méjì lọ.

Bí àpótí yín bá sì ti já bíi tèmi, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wọn amóníà. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá kan lójoojúmọ́, títí ammonium yóò fi dínkù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé KH sókè. Sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kan ń sọ lọ́kàn. Ní ìlú tí àwọn ọmọ ti ń gbé jálá kiri wá omi, ní ìlú tí onígbáméjì ti ṣe lọ́ṣẹ́ léraléra, kí la fẹ́ fi KH omi ẹja ṣe? Kí àwọn olówó máa sin ẹja wọn. Mo gbọ́. N kì í ṣe olówó. Àròkọ ni mo ń kọ tà, àpótí wa sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń lo omi kànga yẹn kí ẹja tó mú kí n wọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí àbààwọ́n aláwọ̀ ewé fi wà nínú agbada ìfọwọ́ wa lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Omi tó kan, tí kò sì ní owó àjọ, a máa jẹ irin àti bàbà lára páìpù, ohun tó bá jẹ sì ń bá a wá sínú ife wa. pH kò lè sọ bóyá kòkòrò àrùn wà nínú omi, ẹ má ṣe fi rọ́pò sísè. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ti kọ́ láti bi omi ní ìbéèrè nítorí ẹja, yóò bi í nítorí ọmọ. Àwa tá a kàwé, tí a ní dígíríì méjì méjì, a kì í wọn omi ilé wa. Ó yẹ kó tì wá lójú.

Àwọn mìíràn ní kí a fi goldfish sílẹ̀ pátápátá, ẹja àwọn ará Ṣáínà ni, omi tútù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà láti ó lé ní 1,000 ọdún. Ìwọ̀nyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, torí ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́. Ẹni tí kò ní àyè ju líta 50 lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra goldfish. Ẹja kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní kribensis, Kribi tiwa níhìn-ín ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Odò gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀, omi gbígbóná tí kò ní òkúta ẹfun sì ni ó bá lárà mu. Fundulopanchax gardneri náà, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti wá. Àwọn ará Yúróòpù ń sin wọ́n, wọ́n sì ń tọrọ omi tó rọ̀ bíi tiwa láti fi tọ́ wọn. Àwa tí omi náà ń jò lára òrùlé wa ń fowó ra oògùn láti sọ ọ́ di omi mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja yìí pàápàá kò fẹ́ omi tó ń fò sókè sódò. Ẹni tí kò bá mọ owó àjọ omi rẹ̀ yóò pa ọmọ onílé bó ṣe pa àlejò.

Sí ẹ̀yin tó ń tà wọ́n, n kò sọ pé kí ẹ má jẹun. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ bi oníbàárà pé irú omi wo ló ń lò kí ẹ tó di ẹja sí ọ̀rá fún un. Ẹ ta omi ìdánwò KH àti ti amóníà kí ẹ tó ta ìgò pH. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí bébà ní èdè tí oníbàárà gbọ́, ìbáà ṣe Duala, Pidgin, Faransé tàbí Yorùbá. Ìgò tí mo rà ní èdè mẹ́rin lára, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oníbàárà tí ẹja rẹ̀ bá pẹ́ yóò padà wá ra oúnjẹ, fóòmù àti òdòdó omi fún ọdún 10. Èyí tí ẹja rẹ̀ bá kú lóṣù mẹ́rin, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò lọ ra tẹlifíṣọ̀n.

Mo padà sọ òótọ́ fún ọmọ mi. Mo ní oúnjẹ tó gbàgbé kọ́, èmi ni, mo da nǹkan sí omi láìbéèrè. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ti wá béèrè báyìí?" Láti ìgbà náà, ó ní ìwé kékeré kan. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń ka ìkán omi ìdánwò sókè, ó ń kọ KH sílẹ̀ kó tó kọ pH. Goldfish méjì tó wà lọ́dọ̀ wa nísinsìnyí ti lo ọdún méjì àti oṣù kan, nínú líta 120, pẹ̀lú àpò ìkarahun ìgbín.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé irú ẹja yìí kì í pẹ́ láyé, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn bi í pé KH omi rẹ̀ jẹ́ mélòó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé owó yín padà sínú àpò.